Ọta wo ni kí n kì sínú ìbọn bàbá mi? Olè ti ń wọlé lọ́nà Ọ̀dà

OlókoỌ̀dà
Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, níbi tí ọ̀dà ti tán lójú títì tí eruku pupa gbà á. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn kan wọ ilé kejì sí tiwa ní nǹkan bí aago méjì òru. Wọ́n kó fóònù, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì fi ìdí àdá gbá bàbá ilé náà lórí. Láti ọjọ́ yẹn, bí ológbò bá fò lórí páànù, ìyàwó mi á ti dìde jókòó.

Bàbá mi fi ìbọn ẹlẹ́nu méjì sílẹ̀ nígbà tí wọ́n papòdà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Gééjì 12 ni. Agolo bisikíìtì kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tó kún fún kátíríìjì: pupa ló pọ̀ jù, aláwọ̀ ewé díẹ̀, mo sì rí yẹ́lò méjì. Wọ́n kọ SSG sára àwọn kan, wọ́n kọ 4 sára àwọn mìíràn, ti àwọn tó kù ti parẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní SSG, ọta ńlá ti ẹran, ni kí n kì sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní rárá, ọta ẹyẹ, àwọn wẹ́wẹ́ irú nọ́ḿbà 4 yẹn, ni kí n lò, kó má baà gba ara ilẹ̀kùn kọjá lọ bá àwọn ọmọ. Ilé búlọ́ọ̀kù ni, yàrá mẹ́ta, pílíwúùdù la fi ṣe àjà rẹ̀. Yàrá àwọn ọmọ kọjú sí ilẹ̀kùn pálọ̀ gan-an. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

ỌmọỌdẹ_Ìdànrè
SSG. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ọta ẹyẹ, orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ḿbà 4 tí mo bá fi yin ọ̀yà, abẹ́ awọ níbẹ̀ ni ìyàwó mi ti máa ń ṣà wọ́n nígbà tó bá ń kun ẹran. Ọ̀yà nìyẹn o. Ọkùnrin tó wọ jákẹ́ẹ̀tì, tó tún ti fa igbó yó, kò ní mọ̀ pé nǹkan bà á títí yóò fi dá tirẹ̀ padà fún ọ.

ÌyáÌbejì_Ìjàpọ̀
Ọmọ Ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n inú igbó Ìdànrè kò ní yàrá ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan ń gbé ní Oǹdó, ó ní ìbọn, ó sì ní láísẹ́ńsì rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan ó gbọ́ kọ̀ọ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Kò béèrè pé ta nìyẹn, kò tan tọ́ọ̀ṣì, ó na ìbọn sójú fèrèsé, ó yìn ín. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti ilé ìwé dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni ni. Kò fẹ́ jí wọn lójú oorun, ló fi ń wá kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ ìkòkò. Ọmọ náà kò kú. Ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kò ká mọ́ títí di òní. Ọta ẹyẹ ni o! Ká ní SSG ni, ilé òkú ni à bá gbà lọ.

Torí náà, bàbá, kí ẹ tó béèrè ọta, tọ́ọ̀ṣì wo lẹ ní?

ỌmọAulé
Ẹ fi ìbọn àwọn bàbá ńlá sílẹ̀ jàre. Pọ́ǹpù áṣọ̀n ni ayé wà báyìí. Ẹ ò tíì yìn ín rárá, ẹ kàn fà á ní “kà-ṣà!”, olè á ti fo fẹ́ńsì. Ẹlẹ́nu méjì, ọta méjì péré, lẹ́yìn náà kí lẹ ó ṣe? Ẹ ó sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró kí ẹ kì í?

Agbẹjọ́rò_Àlàgbàkà
Báyìí ni ẹ ṣe ń rán ọmọlọ́mọ lẹ́wọ̀n lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

ỌmọAulé, òfin ìbọn ilẹ̀ wa, ti 1959, to ìbọn sí ìsọ̀rí. Èyí tí aráàlú lè gba láísẹ́ńsì rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ni ìbọn ọdẹ tí ènìyàn ń fi ọwọ́ kì lọ́kọ̀ọ̀kan, irú ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì yìí. Èyí tó bá ti ní ohunkóhun nínú tó ń ti ọta tuntun wọlé fúnra rẹ̀, tàbí tí a ń fà kó lè wọlé, ti bọ́ kúrò níbẹ̀. Pọ́ǹpù wà lára àwọn tó léèwọ̀. Ìbọn ìléwọ́ náà léèwọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, kò sẹ́ni tí yóò bi í bóyá olè ló fẹ́ fi lé.

Ẹ̀yin OlókoỌ̀dà, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe SSG. Láísẹ́ńsì bàbá yín, orúkọ wọn ló wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe oko kòkó tí ọmọ ń jogún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, ìbọn náà àti kátíríìjì inú agolo yẹn wà lọ́wọ́ yín láìsí ìwé. Bí olè bá wọlé lálẹ́ òní tí ẹ sì yìn ín, abala 33 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 gba ènìyàn láyè láti fi agbára tó yẹ gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lọ́wọ́ ìwà ipá. Ṣùgbọ́n “tó yẹ” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Olè tó ti kẹ́yìn tó ń sá lọ, bí ẹ bá yìn ín lẹ́yìn, ọ̀ràn míràn nìyẹn. Ti ìbọn tí kò níwèé sì wà nílẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ óò jẹ́jọ́ rẹ̀ náà.

Ẹ má gbé e sínú mọ́tò kí ẹ máa gbé e lọ sí téṣàn o. Bí wọ́n bá dá yín dúró lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ lọ láìmú un dání, kí agbẹjọ́rò bá yín lọ, ẹ mú ìwé ikú bàbá àti láísẹ́ńsì wọn àtijọ́ dání, kí àwọn ọlọ́pàá sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ gbà á.

ỌmọAulé
Ẹ ṣeun sà. N ò mọ̀ pé pọ́ǹpù léèwọ̀. Mo kàn rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé àwọn olóṣèlú ni.

ỌmọÀkúrẹ́_Houston
Amẹ́ríkà ni mo wà, níbi tí ìbọn ti pọ̀ bí ìgbálẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń kọ́ni níbí ń sọ ni pé ọta ẹyẹ kì í wọlé jìnnà tó lára ènìyàn láti dá a dúró lójú ẹsẹ̀. “00”, ọta ńlá ti ẹran, ni ọ̀pọ̀ ń lò, ọta mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú kátíríìjì kan. Àwọn tó ní aládùúgbò nítòsí máa ń lo nọ́ḿbà 4 torí ó kéré díẹ̀, 27 ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Torí náà bàbá, 4 tó wà nínú agolo yín yẹn dára. Ẹ lò ó.

BàbáKátíríìjì
Rárá o, ọmọ mi! Ẹ má tẹ̀ lé èyí.

Ọ̀dọ́ ọ̀gá kan tó ń ta ohun èlò ọdẹ, tó ní ìwé àṣẹ ìjọba, ni mo ti kọ́ṣẹ́ lójú ayé mi, ọdún mẹ́sàn-án. Nọ́ḿbà 4 ti Amẹ́ríkà tí ọmọ wa ń sọ, ọta ẹran ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 6.1. Nọ́ḿbà 4 tó wà nínú agolo ọkùnrin yìí, ti ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ni, mìlímítà 3.1 péré, èyí tí Ọmọ Ọdẹ ń rí lábẹ́ awọ ọ̀yà. Nọ́ḿbà kan náà, ọta méjì tó yàtọ̀ bí àgbàdo àti ọkà bàbà. Lọ́nà Gẹ̀ẹ́sì, SG ló fẹ̀ tó 8.4, òun ló bá “00” tiwọn dọ́gba. SSG jẹ́ 6.8. Ilẹ̀ míràn tún ní tirẹ̀. Ẹ má ka nọ́ḿbà nìkan, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ mìlímítà sí lára páálí.

Èkejì, tó ń jẹ́ kí àyà mi já: yẹ́lò méjì yẹn. Ẹ kó wọn kúrò láàárín ìyókù LÁLẸ́ YÌÍ. Gééjì kì í ṣe ìwọ̀n tí wọ́n fi rúlà wọ̀n. Bí ẹ bá pín òjé pọ́n-ùn kan sí ọta róbótó 12 tó dọ́gba, bí ọ̀kan ṣe fẹ̀ ni inú ọ̀pá ìbọn gééjì 12 ṣe fẹ̀. Bí ẹ bá pín in sí 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan á kéré sí i, ìdí nìyẹn tí gééjì 20 fi tín-ín-rín ju 12 lọ. Àwọn tó ń ṣe kátíríìjì sábà máa ń fi àwọ̀ yẹ́lò sí gééjì 20 kí ojú lè tètè mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ki yẹ́lò sínú ìbọn 12 nínú òkùnkùn, yóò yọ̀ wọ inú ọ̀pá lọ, yóò há síbi tí ẹ kò ti ní rí i. Ẹ ó rò pé ẹ ò tíì kì í. Ẹ ó wá ki pupa tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fa tírígà, ọ̀pá á fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ òsì. Mo mọ ọkùnrin kan tí kò ní ọwọ́ òsì báyìí.

Ẹ wo ìdí idẹ rẹ̀, wọ́n máa ń tẹ 12 tàbí 20 sí i. Ẹ tún ṣí ìbọn náà, ẹ rí i pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ọ̀pá ohun tí wọ́n fín síbẹ̀.

OlókoỌ̀dà
Bàbá, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá yín sí. Mo ti wò ó. Yẹ́lò méjèèjì, 20 ló wà nídìí wọn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Lánàá ni ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń fi àwọn kátíríìjì náà to ilé lórí tábìlì, mo sì ń wò ó, mò ń rẹ́rìn-ín.

Abẹ́ ọ̀pá, wọ́n fín 12 síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ́n fín 2½ pẹ̀lú àmì ínṣì méjì kéékèèké. Ara àwọn pupa, wọ́n kọ 70mm.

BàbáKátíríìjì
Ẹ gbé e kalẹ̀.

Ínṣì 2½, mìlímítà 65 nìyẹn. Ìbọn àtijọ́ ni. Kátíríìjì 70 kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Yóò wọlé wẹ́rẹ́ o, ibẹ̀ ló ti ń tan ènìyàn jẹ. Torí kí wọ́n tó yìn ín, ẹnu kátíríìjì ká wọnú, kò gùn tó 70. Ìgbà tó bá bú ni ẹnu rẹ̀ tó tú síta, yóò sì bọ́ síbi tí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀ sí fún, ìfúnpá inú rẹ̀ á gòkè ju ohun tí irin àtijọ́ lè gbà lọ.

Àwọn tí ìkọ̀wé wọn ti parẹ́, tí ìdí idẹ wọn ti ní àwọ̀ ewé ìpẹtà, tí ara wọn wú, ẹ má dán wọn wò láé. Ẹ má fi òróró pa wọ́n, òróró á wọ ìdí wọn. Ẹ má sọ wọ́n sínú iná tàbí ààtàn. Kí ọlọ́pàá kó gbogbo rẹ̀.

Oníyọ̀
Ṣé kò ní dára kí wọ́n yọ ọta inú rẹ̀, kí wọ́n fi iyọ̀ olókùúta dípò? Bàbá wa sọ pé àwọn òyìnbó tó ń ṣọ́ oko máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń ta olè lára, kì í pa á.

BàbáKátíríìjì
Ẹni tó bá ń tú kátíríìjì palẹ̀ nínú ilé ń wá ohun tí yóò fọ́ ọ lójú. Iyọ̀ kò sì lè dá ẹni tó ń bọ̀ pẹ̀lú àdá dúró, bẹ́ẹ̀ ló lè fọ́ ojú ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Kò yẹ fún ìhà kankan.

Ẹ̀míÀìrí
Gbogbo yín ń sọ mìlímítà. Bí olè bá ní àyẹta ńkọ́?

ỌmọỌdẹ_Ìdànrè
Bí ó bá ní àyẹta, kí ló dé tó fi ń wá jẹnẹrétọ̀ kiri lóru?

Ó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Ọ̀rọ̀ ÌyáÌbejì kò kúrò lọ́kàn mi. Láàárọ̀ yìí mo gbé ilẹ̀kùn pákó àtijọ́ kan lọ sóko, mo gbé e ti igi, mo to búlọ́ọ̀kù ínṣì 6 tí a kò rẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, òkìtì ilẹ̀ sì wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ìbọn mi, láísẹ́ńsì mi, oko mi. Mo dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà, torí bí pálọ̀ ilé mi ṣe gùn tó nìyẹn.

Nọ́ḿbà 4 kọ́kọ́. Mo rò pé yóò fọ́n ká bí ìgbà tí a bá da ìyẹ̀fun. Irọ́ ni. Ihò kan ṣoṣo ló ṣe, bí ẹnu ife tíì, etí rẹ̀ rí págunpàgun. Ó la pákó náà kọjá, ó sì kàn ha ojú búlọ́ọ̀kù lásán. SSG wá: ihò kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó gba inú ilẹ̀kùn kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ó fọ́ ojú àkọ́kọ́ búlọ́ọ̀kù náà wọnú ihò àárín rẹ̀. Ojú kejì ló dá a dúró. Ká ní ilẹ̀kùn yàrá ọmọ ló wà níbẹ̀ dípò búlọ́ọ̀kù ńkọ́?

Mo ṣì dúró lórí SSG bí mo bá mọ ohun tó wà lẹ́yìn olè náà. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, n kò ní yin èyíkéyìí. Àwọn tó sì ń sọ pé ìbọn ọdẹ kò nílò ìfojúsùn nínú ilé, kí wọ́n wá wo ilẹ̀kùn mi. Ihò ife tíì ni o. Bí o bá tàsé pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ kan, o ti tàsé ráúráú.

ÌyáÌbejì_Ìjàpọ̀
Ẹ ṣeun Ọmọ Ọdẹ. Àgbà ọdẹ ni yín lóòótọ́.

Alóre_Ìṣíkàn
Mo wà lára àwọn tó ń ṣọ́ àdúgbò wa lóru, mo sì ti dé ilé tí olè ti wọ̀, ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ gígùn díẹ̀.

OlókoỌ̀dà, yàrá ni kí ẹ kọ́kọ́ tún tò, ọta lè dúró ná. Ẹ ní yàrá àwọn ọmọ kọjú sí ilẹ̀kùn pálọ̀. Ìyẹn ni pé ohun yòówù tí ẹ bá yìn sí ẹni tó dúró ní pálọ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ló ń lọ. Ẹ kó wọn wá sí yàrá tó wà ní ìkángun kọ́rídọ̀, tí ẹ̀yin àti ìyá wọn ń sùn, tàbí kí ẹ pààrọ̀ yàrá. Kí gbogbo ènìyàn tó yẹ kó wà láàyè wà lẹ́yìn yín, kí ògiri ìta tó nípọn sì wà lẹ́yìn ẹni tó ń bọ̀. Ilẹ̀kùn yàrá yẹn ni kí ẹ fi irin sí, kí ó ní ìdábùú méjì nínú. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo, gbogbo yín sínú rẹ̀, ẹ tì í, ẹ pe 112, ẹ pe Àmọ̀tẹ́kùn. Ẹ lẹ nọ́ḿbà wọn mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, torí lóru ọjọ́ náà ẹ kò ní rántí orúkọ ara yín. Láti 2020 tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin Àmọ̀tẹ́kùn ní ìpínlẹ̀ yìí, mo ti rí i tí wọ́n tètè dé, mo sì ti rí i tí wọ́n pẹ́. Kí ilẹ̀kùn lè mú yín dé ìgbà tí wọ́n bá pẹ́ ni.

Ẹ má jáde lọ wá olè kiri nínú ilé. Wọ́n pọ̀, wọ́n rí yín, ẹ ò rí wọn. Jẹnẹrétọ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ.

Àwọn tí wọ́n máa ń yìnbọn sókè láti fi dẹ́rù ba olè, ọta tó lọ sókè ń bọ̀ wá sílẹ̀, páànù aládùúgbò ló wà nísàlẹ̀. Ohun tó ń lé olè lọ́dọ̀ wa ni agogo. Ilé mẹ́jọ, agogo mẹ́jọ. Bí ọ̀kan bá dún, gbogbo ilé á tan iná ìta, wọ́n á máa lu tiwọn láti inú ilé. Láti ìgbà tí a ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣì wá, wọn ò dúró kó ìkòkò.

ỌmọÀkúrẹ́_Houston
Mo gba àtúnṣe BàbáKátíríìjì. N kò mọ̀ pé 4 méjèèjì yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máà bínú.

Aláìsùn_Oǹdó
Ẹ̀yin ń sọ “ẹ pe 112”. Níbi tí èmi ń gbé lẹ́bàá oko, àfi kí n gun orí àpáta kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé. Àwọn tó bá ń gbé ìgboro ni ìmọ̀ràn yẹn wà fún. Èmi ti gba láísẹ́ńsì tèmi, ó gbà mí ní oṣù mélòó kan, mò ń tún un ṣe lọ́dọọdún. Inú àpótí onírin tí mo dè mọ́ ilẹ̀ ni ìbọn wà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́rùn mi. Kátíríìjì wà nínú àpótí míràn. Ìyàwó mi ní bí olè bá dé, kí n tó ṣí àpótí méjì tán, wọ́n á ti jẹun yó. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ju kí ọmọ mi fi to ilé lórí tábìlì lọ. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bú o, OlókoỌ̀dà.

OlókoỌ̀dà
Ó yẹ kí ẹ bú mi.

Ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Agbẹjọ́rò kan bá mi lọ sí téṣàn lọ́jọ́ Ajé. A kò gbé nǹkan kan dání àfi ìwé. Wọ́n béèrè ìdí tí mo fi dá a dúró fún ọdún mẹ́ta, mo ní n kò mọ̀. Wọ́n wò mí títí. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá méjì tẹ̀ lé wa wálé. Ọ̀kan jókòó lórí àga bàbá mi, ó ń ka kátíríìjì náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìwé: 31. Nígbà tó dé orí yẹ́lò, ó gbé e sókè sí iná, ó ní, “Ta ló kó èyí mọ́ èyí?” Ẹnu mi kò gbà á. Wọ́n fún mi ní ìwé pé àwọn ti gba ìbọn náà. Bóyá n ó béèrè láísẹ́ńsì lórúkọ ara mi, n kò tíì mọ̀. Bí mo bá béèrè, kì í ṣe ìbọn yẹn.

Àwọn ọmọ ti wá sí ìkángun kọ́rídọ̀. Wẹ́dà kan ní Ìṣíkàn ń ṣe ilẹ̀kùn onírin náà lọ́wọ́. Ilé mẹ́rin ti gbà láti ra agogo, ilé karùn-ún ní ariwo rẹ̀ á máa jí ọmọ òun.

ỌmọỌdẹ_Ìdànrè
Ajá mi bí márùn-ún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá wọn kì í jẹ́ kí ewé já. Akọ lẹ fẹ́ ni tàbí abo?

OlókoỌ̀dà
Abo. Èló ni?

ỌmọỌdẹ_Ìdànrè
Ẹ mú akùkọ kan wá.